Fóònù, Owó Sàká àti Ojú Ọmọ Òrukàn

Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn ọmọ-ẹgbẹ́ àti olùtọrẹ sọ ní Ṣógúnlé



Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun Ọba tí ó fi wá ṣe mùsùlùmí. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànọ́bì wa Muhammad, ẹni tí òun fúnra rẹ̀ jẹ́ ọmọ òrukàn. Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin Alhaji àti Alhaja, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ti ibi iṣẹ́ la súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Òṣòdì kọjá kí ẹ tó dé ibí, a kí yín kú àdúrótì.

Ohun tí púpọ̀ nínú yín ti ń béèrè lọ́wọ́ wa ni a fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí. Ẹ ní kí ló dé tí a kò gbé àwọn ọmọ òrukàn wa sórí Facebook àti WhatsApp, kí owó lè máa wọlé fún wa bí ó ṣe ń wọlé fún àwọn ẹlòmíràn? Ìbéèrè gidi ni. Owó ilé-ìwé ti gòkè, ìrẹsì àti oògùn ti wọ́n, ọwọ́ àwọn tí wọ́n sì ń yọ sàká fún wa lọ́dọọdún kò tó iṣẹ́ náà mọ́. Ẹni tí ó bá ní fóònù kò wúlò fún irú iṣẹ́ yìí kò tíì wo àyíká rẹ̀ dáadáa.

Àwọn kan nínú àwọn àgbà wa kò fẹ́ràn ọ̀rọ̀ náà rárá. Wọ́n ní sàráà tí ó dára ni èyí tí a fi bò, pé ariwo orí fóònù kò yàtọ̀ sí ṣekárími. Òótọ́ wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú Súrátùl Baqarah, ẹsẹ 271, Ọlọ́hun kò ka fífi sàráà hàn sí ẹ̀ṣẹ̀. Ó pè é ní ohun rere, Ó sì jẹ́ kí a mọ̀ pé èyí tí a fi pamọ́ tí a sì fún aláìní ló dára jù fún ẹni tí ó ń tọrẹ. Ẹ rántí hadíìsì tí Jarir ọmọ Abdullah gbà wá, èyí tí ó wà nínú Sahih Muslim. Àwọn ará ìdílé Mudar kan dé sí Mèdínà, aṣọ ara wọn kò bo ìhòòhò wọn tán. Ojú Ànọ́bì yí padà nígbà tí ó rí ìṣẹ́ tó ń ṣẹ́ wọn. Lẹ́yìn ìrun, ó dìde, ó rọ àwọn ènìyàn pé kí oníkálukú mú nǹkan wá, ìbáà ṣe owó, ìbáà ṣe aṣọ, ìbáà ṣe èso dàbínù. Ọkùnrin ará Mèdínà kan gbé àpò kan dé tí ọwọ́ rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ má lè gbé. Bí àwọn tó kù ṣe rí i, wọ́n tò tẹ̀lé e, títí òkìtì oúnjẹ àti òkìtì aṣọ fi ga nílẹ̀. Inú Ànọ́bì dùn débi pé ojú rẹ̀ ń tàn.

Ohun tí fóònù ń ṣe fún wa lónìí náà nìyẹn. Ẹnì kan rí ẹlòmíràn tí ó ṣe é, òun náà ṣe é. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí ohun kan nínú ìtàn yẹn: gbogbo ẹni tó mú nǹkan wá ló rí ibi tí ó kó o sí. Òkìtì náà wà níwájú wọn, àwọn tí wọ́n fẹ́ kó o fún náà wà níwájú wọn. Ẹni tí ó fi owó ránṣẹ́ láti orí fóònù ní Ìkòròdú tàbí ní London kò rí òkìtì kankan. Alẹ́ẹ̀tì báǹkì nìkan ló rí. Iṣẹ́ wa, bí a bá máa lo ojú òpó wọ̀nyí, ni kí a gbé òkìtì náà wá síwájú rẹ̀.

Àwọn tí wọ́n mọ iṣẹ́ yìí ti ṣe bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 2014, àwọn ènìyàn ń da omi tí yìnyín wà nínú rẹ̀ sórí ara wọn káàkiri ayé, wọ́n ń ya fídíò rẹ̀, wọ́n ń pe ọ̀rẹ́ wọn pé kí ó ṣe tirẹ̀. Àrùn ALS, tí ó máa ń sọ iṣan ara di aláìlágbára, ni wọ́n ń wá owó fún. Bí eré ọmọdé ni ó rí, àwa gan-an fi wọ́n rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n mílíọ̀nù 115 dọ́là ló wọ àpò ẹgbẹ́ tó ń gbógun ti àrùn náà ní Amẹ́ríkà, nígbà tí ó sì di ọdún 2016, àwọn onímọ̀ tí wọ́n fi lára owó náà ṣiṣẹ́ kéde èròjà àbímọ́ tuntun kan tí ó lọ́wọ́ nínú àrùn náà. Àwọn tó dami sórí rí ohun tí omi wọn ṣe.

Ní ilẹ̀ wa níbí, nígbà ìwọ́de EndSARS ní oṣù kẹwàá ọdún 2020, àwọn ọ̀dọ́bìnrin kan tí wọ́n ń pe ara wọn ní Feminist Coalition gba owó tí ó lé ní mílíọ̀nù 147 náírà láàárín ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta, orí Twitter ni wọ́n sì ti ń kéde rẹ̀. A lè fara mọ́ ohun tí wọ́n ń jà fún, a sì lè má fara mọ́ ọn. Ọ̀rọ̀ tiwa ni pé wọ́n ń kọ iye tó wọlé àti iye tó jáde síta lójoojúmọ́. Nígbà tí ọ̀nà báǹkì dí mọ́ wọn, àwọn ènìyàn wá ọ̀nà mìíràn láti fún wọn, nítorí pé wọ́n ti rí ìṣirò. Ẹgbẹ́ mélòó nínú àwa mùsùlùmí ló ń ṣe ìṣirò fún olùtọrẹ lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, ká má tíì sọ lójoojúmọ́?

Èyí tó tún sún mọ́ wa jù ni ti abẹ́ bíríjì Òṣòdì. Ní ọdún 2021, Tunde Onakoya àti ẹgbẹ́ Chess in Slums Africa tí ó dá sílẹ̀ ní 2018 lọ síbẹ̀, wọ́n kọ́ àwọn ọ̀dọ́ tí ń sùn níbẹ̀ ní chess. Àwòrán àwọn ọmọ tí gbogbo wa máa ń di àpò wa mú bí a bá rí, tí wọ́n jókòó ti ayò tí wọ́n ń ronú, lọ káàkiri ayé. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, Onakoya fi 60 wákàtí ta chess ní Times Square ní New York láti wá mílíọ̀nù kan dọ́là fún ẹ̀kọ́ àwọn ọmọdé ní Áfíríkà, àwọn ènìyàn sì ń wò ó lórí fóònù tọ̀sán-tòru. Ohun tí a fẹ́ràn nínú ọ̀nà rẹ̀ ni pé ọpọlọ àwọn ọmọ náà ni ó fi ń pe olówó.

Ṣùgbọ́n owó sàká yàtọ̀ sí owó tí a fi ra ayò. Súrátùt Tawbah, ẹsẹ 60, ti ka àwọn mẹ́jọ tí sàká tọ́ sí, kò sì sí ẹni tí ó láṣẹ láti fi kẹsàn-án kún un. Ọmọ òrukàn kò sí níbẹ̀ pẹ̀lú orúkọ òrukàn. Bí ó bá jẹ́ aláìní tàbí tálákà ni ó fi ń wọlé. Èyí tí bàbá rẹ̀ fi ilé mẹ́ta sílẹ̀ fún kò lè gba sàká, àfi kí a bá a ṣọ́ dúkìá rẹ̀. Nítorí náà, bí owó bá já wọ àkáǹtì wa láìsí ọ̀rọ̀ kankan lára rẹ̀, a kò mọ̀ bóyá sàká ni, sàráà ni, tàbí ìtánràn ààwẹ̀. A bẹ̀ yín, bí ẹ bá ń fi owó ránṣẹ́, ẹ kọ ọ́ síbi tí báǹkì fún yín láyè láti kọ̀rọ̀ sí. SÀKÁ. SÀRÁÀ. Ọ̀rọ̀ kan péré, ó sì gbà wá lọ́wọ́ àṣìlò.

Refugee Zakat Fund tí àjọ UNHCR gbé kalẹ̀ ní 2019 kéde pé gbogbo sàká tí òun bá gbà ló ń dé ọ̀dọ̀ ẹni tó tọ́ sí, láì yọ owó iṣẹ́ nínú rẹ̀. Ẹ̀sìn gba ìpín fún àwọn òṣìṣẹ́ sàká, a mọ̀. Síbẹ̀, ní tiwa, dátà àti owó fídíò kò ní ti inú sàká jáde. Inú owó oṣooṣù àwa ọmọ-ẹgbẹ́ ni yóò ti jáde. Bákan náà ni a kò ní gba owó sínú àkáǹtì ẹnikẹ́ni, ì báà ṣe alága. Bukhari àti Muslim gba hadíìsì ọkùnrin tí Ànọ́bì rán lọ gba sàká, tí ó dé tí ó ní apá kan jẹ́ ti ìlú, apá kejì sì jẹ́ ẹ̀bùn tí wọ́n fi ta òun lọ́rẹ. Ànọ́bì gun mínbárì nítorí ọ̀rọ̀ náà, ó bi wọ́n pé bí ó bá jókòó sílé bàbá àti ìyá rẹ̀, ṣé ẹ̀bùn náà á wá bá a níbẹ̀? Ọ̀dọ́ tí fóònù ẹgbẹ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀, kí ó fi etí sí ìyẹn.

Ó wá ku ojú àwọn ọmọ. Ìyá kan tí ọkọ rẹ̀ ti kú sọ fún wa pé àwọn kan ya fọ́tò ọmọ òun pẹ̀lú àpò ìrẹsì lọ́wọ́. Nígbà tó yá, fọ́tò náà dé orí WhatsApp àwọn òbí ilé-ìwé rẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sọ ọ́ ní “Ọmọ Ìrẹsì”. Wọ́n ti jẹ ìrẹsì náà tán tipẹ́; orúkọ ṣì wà lára ọmọ. Nínú Súrátùl Baqarah, ẹsẹ 264, Ọlọ́hun kìlọ̀ pé kí a má fi ìrégún àti ìpalára ba sàráà wa jẹ́. Bí fọ́tò bá wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì títí tí ọmọ yóò fi dàgbà, ìrégún tí kò sinmi ni.

Òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé ti ìjọba àpapọ̀ ní 2003 àti ti Ìpínlẹ̀ Èkó ní 2007 wà fún ìdáàbòbò wọn, òfin ìdáàbòbò àkọsílẹ̀ ènìyàn tó jáde ní 2023 sì ka àṣẹ òbí tàbí alágbàtọ́ sí. Àwọn kan á ní, ṣebí ìyá rẹ̀ ti fọwọ́ sí i. Opó tí ń retí owó ilé-ìwé lọ́wọ́ wa, ṣé ó lè wò wá lójú kí ó ní òun kò fẹ́?

A mọ̀ pé fọ́tò ọmọ tí ń sunkún á mú owó wá ju ìwé ìṣirò lọ. A gbà kí ìyẹn kọjá lára wa. Ohun tí ẹ ó máa rí ni rìsíìtì owó ilé-ìwé tí a ti bo orúkọ rẹ̀, ìwé iṣẹ́ ọwọ́ wọn, àpò oúnjẹ kí ó tó kúrò ní ilé ìpamọ́, àti ohùn olùkọ́ wọn ní Yorùbá, nítorí àwọn ìyá wa tí kì í ka ìwé. Ní ìparí oṣù kọ̀ọ̀kan, iye tó wọlé, iye tó jáde àti iye tó kù, ti sàká lọ́tọ̀, ti sàráà lọ́tọ̀. Ẹni tí ó bá ní ìbéèrè, kí ó bi wá níwájú gbogbo ènìyàn.

Ẹ má sì ju ìwé orúkọ wa nù. Láti oṣù kẹfà ọdún 2021 títí di oṣù kìíní 2022 ni ìjọba fi ti Twitter pa ní Nàìjíríà. Ní ọjọ́ 4 oṣù kẹwàá 2021, Facebook àti WhatsApp kú fún bíi wákàtí mẹ́fà. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹta 2024, inú ààwẹ̀ gan-an, okùn íntánẹ́ẹ̀tì abẹ́ òkun bà jẹ́, nǹkan sì le fún àwọn báǹkì. Àwọn oníjìbìtì náà kò sùn. Wọ́n lè da àwòrán wa kọ kí wọ́n fi nọ́ńbà àkáǹtì tiwọn sí i. Èyí tí a tẹ̀ sẹ́yìn ìwé ìròyìn yìí nìkan ni tiwa. Bí ẹ bá rí òmíràn, ẹ pè wá kí ẹ tó fi kọ́bọ̀ ránṣẹ́.

Akọ̀wé wa ti gbé tábìlì síbi ilẹ̀kùn àbájáde. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ nọ́ńbà yín, kí ẹ sì sọ bóyá ohùn ni ẹ fẹ́ máa gbọ́ ni tàbí ìwé. Ẹni tí kò ní WhatsApp, kí ó kọ àdírẹ́sì. A ó mú ìṣirò tirẹ̀ wá bá a nílé. Kí Ọlọ́hun gbà á ní iṣẹ́ ìjọ́sìn lọ́wọ́ gbogbo wa.