Èèpo igi tí wọ́n ń bó ní Cameroon nítorí prostate

Bí ọkùnrin bá ti lé ní àádọ́ta ọdún, tó ń jí lẹ́ẹ̀mẹrin lóru láti tọ̀, kì í pẹ́ tí wọ́n fi ń dárúkọ agbo fún un. Igi kan ni mo fẹ́ kí a sọ̀rọ̀ lé lórí lónìí. Prunus africana ni àwọn onímọ̀ ń pè é. "Kanda stick" ni àwọn tó ń sọ Pidgin ní Cameroon mọ̀ ọ́n sí. Orí òkè tó tutù ló ti ń hù: Òkè Cameroon, agbègbè Oku, àti lọ́dọ̀ tiwa ní Nàìjíríà, orí òkè Mambilla ní ìpínlẹ̀ Taraba.

Èèpo rẹ̀ ni oògùn. Àwọn ará òkè ti ń sè é mu fún ibà àti inú rírun kí Jacques Debat, ọmọ Faransé, tó gba ẹ̀tọ́ lórí rẹ̀ fún prostate lọ́dún 1966. Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í kó o lọ Yúróòpù nìyẹn. Igi yìí lè yè bí wọ́n bá bó apá méjì tó kọjú síra, tí wọ́n sì fún un láyè kí èèpo mìíràn hù. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n ń sanwó fún ní kílò kílò, ṣé yóò fi ìyókù sílẹ̀ fún ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn? Wọ́n bó o yípo, wọ́n gé òmíràn lulẹ̀. Lọ́dún 1995, àdéhùn CITES fi òwò igi náà sábẹ́ àmójútó. Ní 2007, Yúróòpù dá rírà rẹ̀ láti Cameroon dúró fúngbà díẹ̀.

Ṣé ó tiẹ̀ ń ṣiṣẹ́? Àgbéyẹ̀wò Cochrane ti 2002 kó ìwádìí 18 jọ, lára ọkùnrin tó lé ní 1,500. Ìtọ̀ òru dínkù díẹ̀ fún wọn, àmọ́ ọ̀pọ̀ ìwádìí náà kéré, wọn ò sì pẹ́. Prostate tó ń tóbi nítorí ọjọ́ orí ni wọ́n yẹ̀ wò, kì í ṣe èyí tí àkóràn wọ̀.

Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ ti ń dàrú. Bí bákítéríà bá wọ prostate, ara lè gbóná, òtútù lè máa mú èèyàn, ìtọ̀ á máa ta á, abẹ́ á máa ro ó. Oògùn apakòkòrò ló nílò, nígbà míì fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Bó bá jókòó ti agbo, àkóràn náà lè wọnú ẹ̀jẹ̀. Jẹjẹrẹ ní tirẹ̀ lè má fi àmì kankan hàn níbẹ̀rẹ̀. Ìkòkò agbo ò lè mọ èyí tó jẹ́ nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Àyẹ̀wò ìtọ̀, ẹ̀jẹ̀ àti ìka dókítà ló lè tọ́ka sí i. (Ìka yẹn ni ọ̀pọ̀ bàbá ń sá fún. Kì í tó ìṣẹ́jú kan o!)

Ẹni tó bá ti ń mu agbo, kó dárúkọ rẹ̀ fún dókítà. Ẹni tí ìtọ̀ bá sé mọ́ pátápátá, kó gba ilé ìwòsàn lọ lọ́jọ́ náà gan-an.