Ejò Inú Ilé Ìdáná àti Àdán Orí Igi

Ọ̀rọ̀ tí a sọ ní ìpàdé gbogbogbòò ẹgbẹ́ wa ní Kútọ̀nú, oṣù November

Ààrẹ ẹgbẹ́ ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí ètò àdúgbò. Mo mọ̀ pé wọ́n rò pé màá sọ̀rọ̀ ìwé ilẹ̀ àti owó orí, nítorí iṣẹ́ tí mo ṣe fún ìjọba kí n tó fẹ̀yìn tì. Ẹ má bínú, ìyẹn máa dúró di oṣù tó ń bọ̀. Ẹranko ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ lónìí.

Ẹ rẹ́rìn-ín, kò burú. Ṣùgbọ́n ẹ rántí pé nǹkan méjì ló fẹ́rẹ̀ẹ́ dá ìjà sílẹ̀ láàárín àwa àti àwọn ará kàtíyé lọ́dún yìí. Kì í ṣe ìbò, kì í ṣe owó ẹgbẹ́. Ejò kan ni, àti igi kan.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí ejò. Ní oṣù June, lẹ́yìn òjò ọjọ́ mẹ́ta, omi wọ agbolé púpọ̀ lápá ibi tiwa ní Akpakpa. Ìyá kan nínú wa, tó ń ta aṣọ ní Dantokpa, jí ní ìdájí láti po ẹ̀kọ fún àwọn ọmọ. Ó gbé àpò èédú, ó sì rí ejò tó ká jọ lábẹ́ rẹ̀ bí òṣùká. Ó figbe ta. Àwọn ọmọkùnrin wa dé pẹ̀lú igi àti àdá. Kí ìyá náà tó rí bàtà wọ̀, wọ́n ti pa ejò, wọ́n ti gbé e lọ sí ojú títì, wọ́n ti da epo sí i, wọ́n ti dáná sun ún. Ọ̀kan nínú wọn ya fọ́tò, ó fi ránṣẹ́ sórí WhatsApp gbogbo kàtíyé. Ó rò pé akin lòun.

Òjòlá kékeré ni, èyí tí àwọn Faransé ń pè ní python royal. Ẹ̀yin àgbà mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí ní ìlú yìí. Nínú àwọn aládùúgbò wa, àwọn tí ìdílé wọn ń sin Dangbé kì í pa á, wọn kì í jẹ́ kí ẹlòmíràn pa á lójú wọn. Bí wọ́n bá bá a nínú ilé, wọ́n á kí i, wọ́n á gbé e jáde pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ẹ lọ sí Ouidah, ẹ máa rí ilé òjòlá tó dojú kọ ṣọ́ọ̀ṣì ńlá àwọn Kátólíìkì, tí títì kan ṣoṣo là wọ́n láàárín. Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́. Àwọn òyìnbó tó ń ṣòwò ẹrú ní Savi, kí Dahomey tó ṣẹ́gun ibẹ̀ ní 1727, kọ ọ́ sínú ìwé wọn pé ẹni tó bá pa òjòlá níbẹ̀ ti wọ wàhálà ńlá, ìbáà ṣe òyìnbó.

Ní ọ̀sán ọjọ́ náà, àgbà mẹ́ta wá bá mi nílé. Wọn kò pariwo. Èyí tó dàgbà jù nínú wọn bi mí ní èdè Fọ̀n pé bí àwọn bá wá sí ilé mi, tí àwọn gbé òkú bàbá mi, tí àwọn sun ún ní ojú títì, tí àwọn sì ya fọ́tò rẹ̀, kí ni máa sọ. Kí ni mo lè sọ? Ojú tì mí. Ó ti lé ní ogójì ọdún tí èmi àti bàbá yẹn ti mọra. Òun ló bá mi rẹ ilé mi lógìrì nígbà tí mi ò tíì ní owó bíríkìlà.

Méjì nínú àwọn olóyè wa tó jókòó síbí yìí ló bá mi lọ. A ra aṣọ funfun, a gbé sódábì dání, a kó eérú àti eegun tó kù. Àwọn ló sin ín, àwa dúró. Àwọn ọmọkùnrin wa dọ̀bálẹ̀ nínú ẹrẹ̀. Ọ̀rọ̀ parí lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí àwọn obìnrin àdúgbò tó tún bẹ̀rẹ̀ sí í ra nǹkan lọ́wọ́ ìyá tó figbe ta yẹn. Òun kò pa ejò. Igbe nìkan ló ké. Mo fẹ́ kí ẹ rò ó dáadáa, nítorí àlejò ni wá níbí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ibí ni wọ́n bí ọ̀pọ̀ nínú wa sí. Ohun tí ọmọ Kétu tàbí ọmọ Ṣábẹ̀ẹ́ bá ṣe ní títì Kútọ̀nú, "àwọn Nàgó" ni wọ́n máa ní ó ṣe é.

Ẹnì kan lè sọ pé, bàbá, Mùsùlùmí ni mí, tàbí Kristẹni ni mí, Dangbé kò kàn mí. Kò burú. Jẹ́ kí a fi ti òrìṣà sílẹ̀. Òjòlá yẹn kò ní oró. Eku ló ń jẹ. Bí ẹ̀rù bá bà á, ṣe ló máa ká ara rẹ̀ jọ bí bọ́ọ̀lù, á fi orí pamọ́ sáàárín. Eku tó ń jẹ yẹn ńkọ́? Ẹ ti gbàgbé ibà Lassa? Ní 2014 àti 2016, ó pa ènìyàn lápá òkè ilẹ̀ Benin wa níhìn-ín, eku ilé ló sì ń gbé e kiri, ìtọ̀ àti ìgbẹ́ rẹ̀ lórí oúnjẹ tí a kò bò. A pa ẹni tó ń bá wa pa eku, a sì lọ ra májèlé eku ní Dantokpa. Adìẹ jẹ májèlé náà, ológbò jẹ ẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ọgbọ́n wo nìyẹn?

Nígbà tí mo wà nílé ìwé, gbogbo ẹranko tí olùkọ́ ń kọ́ wa nípa rẹ̀ lédè Faransé ni ẹranko òtútù. Mo mọ orúkọ ìkookò àti ti kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ ilẹ̀ wọn, mo lè pè é dáadáa títí dòní. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi nípa èyí tó wà lábẹ́ àpò èédú.

Àmọ́ kì í ṣe gbogbo ejò ni òjòlá o. Paramọ́lẹ̀ wà, sèbé wà, a ti rí méjèèjì lápá etí omi. Nítorí náà, ẹni tí kò bá mọ ejò kó má fọwọ́ kàn án, kó má sì pa á. Kó lé àwọn ọmọ kúrò níbẹ̀, kó máa wò ó láti òkèèrè, kó pe panapaná ní 118, tàbí kó ránṣẹ́ sí àwọn àgbà Dangbé, tí wọ́n mọ èyí tó jẹ́ tiwọn àti èyí tí kì í ṣe tiwọn. Bí ejò bá bu ènìyàn jẹ, ẹ má fi okùn dì í pinpin, ẹ má fi abẹ fá a, ẹ má fi ẹnu fà á. Ẹ jẹ́ kó dúró jẹ́ẹ́, kó má rìn, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀. Ẹ má gbé e sẹ́yìn zẹ̀míjàn nìkan ṣoṣo, nítorí ó lè dákú ṣubú. Kí ẹnì kan jókòó sẹ́yìn rẹ̀ dì í mú, bí kò bá sí ọkọ̀.

Kí ló dé tí ejò fi ń wọlé? Èyí ló jẹ́ ọ̀rọ̀ ètò ìlú gan-an, ibi tí mo fẹ́ kí ẹ̀yin olóyè ràn wá lọ́wọ́. Àwọn Fọ̀n sọ fún wa pé ìtumọ̀ orúkọ Kútọ̀nú ni ẹnu odò ikú. Orí yanrìn la kọ́lé sí, òkun wà níhà kan, ọ̀sà Nokoué wà níhà kejì. Ní 1885 ni àwọn Faransé la ilẹ̀ kí omi ọ̀sà lè ráyè dà sí òkun, ibẹ̀ náà ni ọ̀nà omi tó pín ìlú sí méjì dòní. Ilẹ̀ àbàtà pọ̀ láàárín wa, níbi tí omi òjò máa ń dúró sí, tí ọ̀pọ̀lọ́, awọ́nríwọ́n àti ejò ń gbé. Láti ọdún 2000 ni ilẹ̀ olómi yìí ti wà lára èyí tí orílẹ̀-èdè wa fọwọ́ sí pé òun máa dáàbò bò lábẹ́ àdéhùn Ramsar. Àwa ńkọ́? A ra ilẹ̀ àbàtà nítorí pé kò wọ́n, a da pàǹtírí sí i títí tó fi ga, a da yanrìn lé e, a kọ́lé. Èmi náà mọ ẹni tó ṣe é. Ó wà nínú yàrá yìí, mi ò ní dárúkọ rẹ̀, ó ń wo ilẹ̀ báyìí. Omi tí a lé kúrò níbùgbé rẹ̀ ló ń wá sínú pálọ̀ wa, àwọn tó ń gbé inú omi náà sì ń bá a wá.

Ìjọba ti gbẹ́ gọ́tà ńláńlá nínú ètò tí wọ́n ń pè ní PAPC, a rí iṣẹ́ yẹn, a sì dúpẹ́. Ṣùgbọ́n gọ́tà tí ọ̀rá kún ẹnu rẹ̀, kí ló yàtọ̀ sí ògiri? Òfin tó ní kí a má lo ọ̀rá tí kì í jẹrà mọ́ ti wà láti December 2017. Ẹ wo ọwọ́ wa nígbà tí a bá ń bọ̀ láti ọjà. Gọ́tà kan wà lápá wa tó ti wó láti ọdún méjì. A kọ ìwé lẹ́ẹ̀mejì, a kò rí èsì. Mo fẹ́ kọ ẹ̀ẹ̀kẹta, ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí, kí ìwé náà ní òǹtẹ̀ Kábíyèsí àti ti àwọn àgbà Fọ̀n pa pọ̀. Mo ti jókòó sẹ́yìn tábìlì ìjọba rí. Mo mọ irú ìwé tí a máa ń kà lójú ẹsẹ̀ àti irú èyí tí a máa ń fi sí abẹ́ àwọn yòókù.

Ó ku igi. Igi agánwó tó wà ní orígun títì wa, tí àwọn Faransé ń pè ní kaïcédrat, àdán ti padà sórí rẹ̀ láti oṣù October. Lọ́sàn-án, wọ́n á so rọ̀ bí ewé gbígbẹ, wọ́n á máa jà, wọ́n á máa han. Tó bá di àṣálẹ́, wọ́n á gbéra lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n á gba orí ọ̀sà lọ. Mo máa ń jáde lọ wò wọ́n, mi ò purọ́. Ṣùgbọ́n aṣọ funfun tí ẹ sá, ẹ ò tún lè wọ̀ ọ́ lọ kírun. Mo gbà. Ọkọ̀ mi náà jẹ nínú rẹ̀. Ènìyàn mẹ́rìndínlógún ló ti fọwọ́ sí ìwé pé kí a gé igi náà. Ìyàwó mi wà nínú wọn. Ẹ má sọ fún un pé mo sọ.

Àwọn kan ní àjẹ́ ni. Mi ò ní bá wọn jiyàn, ẹ̀yin olóyè mọ̀ jù mí lọ. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ní Accra, ilé ìwòsàn ológun kan wà tí wọ́n ń pè ní 37, àdán kún igi ibẹ̀ bámúbámú. Ìtàn tí àwọn ará ibẹ̀ ń sọ ni pé wọ́n gbé olóyè kan tó ń ṣàìsàn wá síbẹ̀, àwọn àdán ìlú rẹ̀ tẹ̀lé e wá. Ó kú, wọn kò padà, wọ́n ṣì ń dúró kí wọ́n lè sin olúwa wọn lọ sílé. Ìyẹn kì í ṣe ìwà àjẹ́, ìwà ìránṣẹ́ tòótọ́ ni. Ní Ilé-Ifẹ̀ pàápàá, nínú ọgbà Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, àdán pọ̀ lórí igi, wọn kò tìtorí rẹ̀ gé ọgbà náà. Ohun kan tún wà tí mo fẹ́ kí Kábíyèsí gbọ́: èso ìrókò, àdán yìí ló ń jẹ ẹ́, tó ń gbé kóró rẹ̀ fò jìnnà, tó ń yà á sílẹ̀ níbi tí igi tuntun máa hù sí. Àwọn onímọ̀ ti ṣe ìwádìí rẹ̀ ní Ghana. Ìrókò tí a ń wárí fún nílé, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé àdán ló gbìn ín.

Ti àìsàn ni mo gbà pé ó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Nígbà tí Ẹbólà wọ Èkó ní July 2014, gbogbo wa la gbọ́ pé àwọn onímọ̀ fura sí àdán. Nítorí náà, ẹ má fọwọ́ kàn án, ẹ má jẹ ẹ́, kí ọmọdé má jẹ èso tí eyín rẹ̀ ti kàn, ẹ bo kànga àti ìkòkò omi. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó: tí igi náà bá wó lulẹ̀ pẹ̀lú àdán lórí rẹ̀, ta ló máa kọ́kọ́ sáré lọ ṣa èyí tó fi apá dá? Àwọn ọmọ wa ni. Èyí tó bá sì là á, orí igi máńgò inú agbolé yín ló máa bọ́ sí. Tí òjò bá sì tún dé, púpọ̀ nínú wọn máa lọ fúnra wọn, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe lọ lọ́dún yìí.

Yàtọ̀ sí èyí, igi ojú títì kì í ṣe tiwa. Ti ìlú ni. Ẹni tó bá gé e láìgba ìwé mérì, òun ló máa lọ dáhùn. Èmi dámọ̀ràn pé kí a tọrọ àyè láti gé ẹ̀ka tó rọ̀ sórí agbolé mẹ́ta nìkan, kí a sì jọ dáwó ra tapólì fún ibi tí wọ́n ń sá aṣọ sí. Kò tó owó tí onígégi ń bèèrè.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́lé sí Fidjrossè, ọ̀rọ̀ yín kò pọ̀. Láti nǹkan bí September títí di March, ìjàpá òkun máa ń gòkè wá yé ẹyin sínú yanrìn lóru. Ẹ pa iná tó kọjú sí òkun, nítorí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pa máa ń tẹ̀lé ìmọ́lẹ̀, á dorí kọ títì dípò omi. Ẹ má ra ẹyin rẹ̀, ẹ má ra ẹran rẹ̀. Òfin 2002-16 ti October 2004 dáàbò bò ó. Àjọ Nature Tropicale ní Akpakpa máa ń gba ìròyìn bí ẹ bá rí i.

Onígégi sọ pé Sunday yìí lòun ń bọ̀. Mo ti bẹ̀ ẹ́ kó dúró di Sunday kejì. Ìwé ìtọrọ àyè ti wà lọ́wọ́ akọ̀wé, ìwé gọ́tà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, àwọn àgbà Fọ̀n sì ti ní àwọn máa wá fọwọ́ sí i ní Saturday lẹ́yìn ìrun Ásárì. Ẹni tó bá fẹ́ yọ orúkọ rẹ̀ kúrò nínú ìwé ti gígé, tábìlì rèé lẹ́nu ọ̀nà, bíírò wà lórí rẹ̀.