A kì í fá orí lẹ́yìn olórí: Ọ̀rọ̀ lórí káàdì ọsibítù yín

Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn ará ìlú sọ ní ìta gbangba nìyí. A tẹ̀ ẹ́ jáde fún ẹ̀yin tí oko tàbí ọjà kò jẹ́ kí ẹ wá.

Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ dúró sínú oòrùn, ẹ kú ìdúró o. Ọ̀rọ̀ ọ̀nà àti omi ẹ̀rọ, a ó sọ ọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe lónìí. Lónìí, ọ̀rọ̀ káàdì ọsibítù ni mo bá wá. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ta ni kò ní káàdì nínú yín?

Bí ìyá kan bá dé matánítì, nọ́ọ̀sì á bi í pé: oyún mélòó lẹ ti ní? Mélòó ló wálẹ̀? Ṣé ẹ ti ṣẹ́yún rí? Ṣé wọ́n ti yẹ ẹ̀jẹ̀ yín wò fún kòkòrò HIV? Obìnrin náà á dáhùn gbogbo rẹ̀, torí ara rẹ̀ àti torí ọmọ inú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí kò sọ fún ọkọ, tí kò sọ fún ìyá ọkọ, ó sọ ọ́ fún nọ́ọ̀sì, nọ́ọ̀sì sì kọ ọ́ sínú fáìlì. Ọ̀pọ̀ fáìlì wa ṣì wà nínú yàrá eléruku, tí wọ́n fi okùn dì, tí eku ń jẹ létí. Ẹni tó bá rò pé kò níye lórí, kó fetí sílẹ̀.

Àwọn onímọ̀ ti ṣe ẹ̀rọ kan tí wọ́n ń pè ní ọgbọ́n àtọwọ́dá; AI ni àwọn ọmọ yín ń pè é lórí fóònù. Ẹ má jẹ́ kí orúkọ yẹn dẹ́rù bà yín. Bí ọmọ iṣẹ́ ṣe ń kọ́ṣẹ́ ni òun náà ń kọ́ṣẹ́. Agbẹ̀bí tó ti gbẹ̀bí ẹgbẹ̀rún ọmọ, bó bá ti fọwọ́ kan ikùn, ó ti mọ̀ bóyá ọmọ dùbúlẹ̀ dáadáa. Kì í ṣe inú ìwé ló ti rí i. Ikùn ẹgbẹ̀rún abiyamọ ló kọ́ ọ. Ẹ̀rọ yìí náà, ara àwọn aláìsàn ló fi ń kọ́ iṣẹ́. Wọ́n á kó àwòrán àti fáìlì ọ̀kẹ́ àìmọye síwájú rẹ̀, wọ́n á sọ fún un pé ẹni yìí ní àrùn, ẹni yìí kò ní, títí yóò fi lè dá a mọ̀ fúnra rẹ̀. Láìsí fáìlì aláìsàn, òpè ni.

Ṣé ó wúlò? Ó wúlò, èmi kò ní purọ́ fún yín torí ìbò. Ní 2016, ọsibítù ojú kan ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù, Moorfields, bá ilé iṣẹ́ DeepMind, tí Google ti rà ní 2014, ṣe àdéhùn. Wọ́n yọ orúkọ àwọn aláìsàn kúrò, wọ́n sì fún ilé iṣẹ́ náà ní nǹkan bí mílíọ̀nù 1 àwòrán inú ojú. Ní 2018, àbájáde jáde: lórí àìsàn ojú tó lé ní 50, ẹ̀rọ náà mọ ẹni tó yẹ kó tètè rí dókítà, ó sì gbà á tọ́ nígbà 94 nínú 100, bí àgbà dókítà ojú. Ẹ ro bàbá tí ojú rẹ̀ ń ṣú lọ ní abúlé, tí kò sí dókítà ojú ní gbogbo agbègbè rẹ̀.

Àmọ́ ẹ gbọ́ èkejì. Ìlú kan náà ni, ilé iṣẹ́ kan náà ni. Ní oṣù September 2015, àwọn ọsibítù Royal Free fọwọ́ sí àdéhùn láti gbé fáìlì ènìyàn mílíọ̀nù 1.6 fún DeepMind, torúkọ-torúkọ. Ẹni tó ní HIV wà níbẹ̀, ẹni tó ṣẹ́yún wà níbẹ̀. Wọ́n ní àwọn fẹ́ ṣe ètò orí fóònù kan, Streams, tí yóò máa ta dókítà lólobó bí kíndìnrín aláìsàn bá fẹ́ daṣẹ́ sílẹ̀ lójijì. Iṣẹ́ rere ni. Kódà, kò sí ọgbọ́n àtọwọ́dá nínú ètò yẹn fúnra rẹ̀! Ṣùgbọ́n ta ló bi àwọn mílíọ̀nù 1.6 yẹn? Inú ìwé ìròyìn ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ti gbọ́ ní 2016. Ẹni tó wá tọ́jú ẹsẹ̀ tó kán, kí ló kàn án pẹ̀lú ìdánwò ètò kíndìnrín?

A kì í fá orí lẹ́yìn olórí. Ní July 2017, Elizabeth Denham, Kọmíṣánnà tó ń rí sí ọ̀rọ̀ yìí ní Ìlú Ọba, dájọ́ pé ọsibítù náà kò tẹ̀lé òfin, pé wọn kò jẹ́ kó yé àwọn aláìsàn tó. Wọn kò bu owó ìtanràn lé e. Wọ́n ní kó tọwọ́ bọ̀wé pé yóò ṣàtúnṣe. Aláìsàn kan pe Google lẹ́jọ́ nítorí gbogbo wọn. Ilé ẹjọ́ dà á nù ní 2023, ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn sì fọwọ́ sí i ní 2024.

Ẹ wá wo ohun tí irú ìwà bẹ́ẹ̀ ń bí. Ní 2021, ìjọba fẹ́ kó fáìlì gbogbo aláìsàn dókítà àdúgbò ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì jọ sójú kan fún ìwádìí. Àwọn ènìyàn fàáké kọ́rí. Àwọn tó lé ní mílíọ̀nù 1 ní kí wọ́n yọ tiwọn kúrò, ètò náà sì dúró gbagidi. Ìwádìí tí ì bá gba ẹ̀mí là wà nínú ohun tó dúró yẹn o.

Ẹnìkan á ní, tó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ jẹ́ ká kúkú tilẹ̀kùn. Èmi kò gbà. Ní 2019, àwọn olùwádìí ní Amẹ́ríkà yẹ ẹ̀rọ kan wò tí àwọn ọsibítù fi ń yan ẹni tó nílò ìtọ́jú àrà ọ̀tọ̀. Fáìlì àwọn dúdú wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n iye owó tí wọ́n ná lórí ènìyàn ni ẹ̀rọ náà ń kà, kì í ṣe ìrora rẹ̀. Owó tí wọ́n ń ná lórí dúdú kéré, nítorí náà ẹ̀rọ ní ara wọn le. Wọ́n ṣírò pé bí wọ́n bá tún un ṣe, àwọn dúdú tí yóò rí ìrànlọ́wọ́ yẹn á kúrò ní 17.7 nínú 100, á di 46.5. Ẹ gbé irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ wá sí ọ̀dọ̀ wa níbí: màmá tí kò rí owó ọkọ̀ dé ọsibítù láti ọdún mẹ́ta, ẹ̀rọ á ní kò sí nǹkan tó ń ṣe é!

Nítorí náà, a fẹ́ wà níbẹ̀. Ojú la fẹ́ fi wà níbẹ̀, kì í ṣe fáìlì nìkan.

Òfin kò sì ṣàìsí. Òfin Ìlera Nàìjíríà ti 2014 sọ pé àṣírí ni ohun tó wà nínú fáìlì yín. Wọn kò gbọdọ̀ fi í hàn àfi bí ẹ bá fọwọ́ sí i nínú ìwé, tàbí bí òfin tàbí ilé ẹjọ́ bá pa á láṣẹ, tàbí bí pípa á mọ́ bá lè fi ìlera gbogbo ìlú sínú ewu ńlá, àti àwọn ọ̀nà díẹ̀ mìíràn, bíi ti ọmọdé. Ní June 12, 2023, wọ́n tún fọwọ́ sí òfin tó ń dáàbò bo ọ̀rọ̀ ara ẹni. Ilé iṣẹ́ ńlá tó bá rú u lè san mílíọ̀nù 10 náírà tàbí ìdá 2 nínú 100 owó tó ń wọlé fún un lọ́dún, èyí tó bá pọ̀ jù. Ṣùgbọ́n ta ló ti ka òfin yìí sí etí yín rí?

Wọ́n á ní àwọn á yọ orúkọ. Ó dáa, ṣùgbọ́n ní abúlé tí matánítì kan ṣoṣo wà, bí ìwé bá sọ pé obìnrin ẹni ọdún 41, ó bí ìbejì, ó ní ìtọ̀ ṣúgà, ta ni kò mọ ilé rẹ̀? Kí wọ́n yọ ohun tó lé ní orúkọ.

Àwọn alátakò wa ń sọ pé a kò fẹ́ ìlọsíwájú. Kí wọ́n dá wa lóhùn. Bí fáìlì wa bá kọ́ ẹ̀rọ ní iṣẹ́, ṣé àwa la ó tún fi owó ra lílò rẹ̀? Ta ni yóò jẹ̀bi bí fáìlì bá bọ́ sí ọwọ́ ẹni tó ń gbani síṣẹ́? Ẹni tó bá sì ní òun kò fẹ́, ṣé wọn kò ní lé e padà láì tọ́jú rẹ̀? Olùdíje tó bá wá tọrọ ìbò yín, ẹ bi í ní ìwọ̀nyí, títí kan ti ẹgbẹ́ wa. Bí wọ́n bá sì gbé ìwé dé matánítì pé kí ẹ tẹ̀ka sí i, ẹ ní kí wọ́n kọ́kọ́ kà á sókè fún yín ní Yorùbá, láti òkè dé ìsàlẹ̀, kí ẹ tó na ọwọ́ sí íńkì.