Ẹni tí ó ń tọ́jú aláìsàn kò gbọdọ̀ gbàgbé ara rẹ̀

Ẹ̀yin ará, nígbà tí àrùn jẹjẹrẹ bá wọ ilé kan, gbogbo ènìyàn ni í máa béèrè àlàáfíà ẹni tí ó dùbúlẹ̀. Àwọn tí í béèrè àlàáfíà ẹni tí ó jókòó tì í kò pọ̀.

Ẹ wo obìnrin kan tí ìyá rẹ̀ ní jẹjẹrẹ ọmú. Òun ni ó ń wẹ ìyá rẹ̀, òun ni ó ń fọ aṣọ tí a fi di egbò, òun náà ni ó ń jí lóru láti fún un ní oògùn. Ó ti pa àtẹ rẹ̀ tì lọ́jà. Owó tí ó fi ń ṣòwò ti ń tán lọ. Bí ó bá sùn díẹ̀, ọkàn rẹ̀ a dá a lẹ́bi. Bí ó bá fi ìkanra dá ìyá rẹ̀ lóhùn, a bú sẹ́kún. Kì í ṣe ọmọ burúkú. Ó ti rẹ̀ ẹ́ ni.

Àárẹ̀ yìí léwu fún àwọn méjèèjì. Ẹni tí kò sùn lè fún aláìsàn ní oògùn kan náà lẹ́ẹ̀mejì, ó sì lè gbàgbé ọjọ́ tí dókítà dá. Nítorí náà, oorun olùtọ́jú jẹ́ apá kan nínú ìtọ́jú aláìsàn.

Kí ni ṣíṣe? Èkíní, kí ẹbí jókòó, kí wọ́n pín iṣẹ́, nítorí ọwọ́ kan kò gbé ẹrù dórí. Kí àbúrò gba òru méjì lọ́sẹ̀. Kí ẹ̀gbọ́n tí ó wà lókèèrè fi owó ọkọ̀ ránṣẹ́. Kí aládùúgbò se oúnjẹ ọjọ́ kan. Jẹjẹrẹ kì í ran ẹni tí ó ń wẹ aláìsàn tàbí tí ó bá a jẹun. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe sá.

Èkejì, kí olùtọ́jú máa jẹun lásìkò, kí ó sì ní ẹnìkan tí yóò máa sọ ẹ̀dùn ọkàn rẹ̀ fún.

Ẹ̀kẹta, kí ó má ṣe fi ìrora aláìsàn pamọ́ fún dókítà. Oògùn tí ó ń dín ìrora jẹjẹrẹ kù wà. Ní 1967, dókítà obìnrin kan, Cicely Saunders, ṣí ilé St Christopher's ní Lọ́ńdọ̀nù, níbi tí a ti ń tọ́jú ìrora aláìsàn, tí a sì ń bójú tó ẹbí rẹ̀ pẹ̀lú. Ẹ̀ka fún irú ìtọ́jú bẹ́ẹ̀ wà ní ilé ìwòsàn UCH ní Ìbàdàn. Bí ìrora bá rọlẹ̀, aláìsàn yóò sùn. Bí aláìsàn bá sùn, olùtọ́jú náà yóò sùn.

Ẹ̀yin ará, bí ẹ bá lọ kí aláìsàn, ẹ béèrè lọ́wọ́ olùtọ́jú pẹ̀lú bóyá ó ti jẹun. Lẹ́yìn náà, ẹ gba abọ́ omi lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ sì jẹ́ kí ó lọ fi ẹ̀yìn lélẹ̀.