Ìwọ̀n Eré Ẹ́ńjìnnì Nínú Ìdíje Katakata

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní eré tí ajá ń fi ogún ọdún sá, ìrìn fàájì ni fún ẹṣin. Ohun tí òwe yìí ń kọ́ni ni pé bí a bá fẹ́ kí ìdíje nítumọ̀, ó di dandan kí á kọ́kọ́ wo àwọn tí wọ́n fẹ́ díje, kí á sì mọ̀ bóyá agbára wọn súnmọ́ra débi tí ọgbọ́n àti ìmọ̀ọ́ṣe yóò fi lè pinnu ẹni tí yóò borí. Ọ̀rọ̀ yìí hàn kedere nínú ìdíje kan tí àwọn àgbẹ̀ ilẹ̀ Amẹ́ríkà dá sílẹ̀, nínú èyí tí wọ́n ń fi katakata fa ẹrù wúwo lórí ilẹ̀. Ìbéèrè kan wà níbẹ̀ tí ó máa ń dá awuyewuye sílẹ̀ láàárín olùdíje àti adájọ́: báwo ni ó ṣe yẹ kí ẹ́ńjìnnì yára tó, ta ni yóò sì mọ̀ bí ó bá ré kọjá ààlà?

Kí katakata tó dé, ẹṣin ni àwọn àgbẹ̀ Amẹ́ríkà fi ń ro oko. Bí àgbẹ̀ méjì bá pàdé, kò ṣòro kí ọ̀kan máa fọ́nnu pé ẹṣin tòun lágbára ju ti ẹnì kejì lọ. Ibẹ̀ ni àṣà fífi ẹṣin fa ẹrù dánra wò ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí katakata gba iṣẹ́ oko lọ́wọ́ ẹṣin, ó gba eré náà pẹ̀lú. Ọdún 1929 ni àkọsílẹ̀ fi hàn pé wọ́n kọ́kọ́ fi katakata ṣe irú ìdíje bẹ́ẹ̀, ní Bowling Green ní ìpínlẹ̀ Missouri àti ní Vaughansville ní ìpínlẹ̀ Ohio. Fún ogójì ọdún lẹ́yìn náà, ìlànà ìlú kan kì í sábà bá ti èkejì mu. Ní ọdún 1969 ni àwọn aṣojú láti ìpínlẹ̀ mẹ́jọ parapọ̀ dá ẹgbẹ́ National Tractor Pullers Association sílẹ̀, kí òfin lè ṣọ̀kan. Ní ọdún 1977, eré náà dé ilẹ̀ Netherlands, ó sì tàn ká àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn ní Yúróòpù.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é kò le láti yé ènìyàn. Wọ́n á so katakata mọ́ ọkọ̀ ẹrù kan tí a ṣe fún iṣẹ́ náà. Ẹ̀yìn ọkọ̀ yìí wà lórí táyà, ṣùgbọ́n iwájú rẹ̀ jẹ́ irin pẹlẹbẹ tí ó ń wọ́ nílẹ̀. Àpótí ńlá tí ó kún fún irin wà lórí rẹ̀. Nígbà tí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀, àpótí náà wà lókè táyà ẹ̀yìn, nítorí náà ẹrù kò tíì wúwo púpọ̀. Bí katakata ti ń lọ ni àpótí ń rìn bọ̀ síwájú, tí ó ń di ìwúwo rẹ̀ lé irin pẹlẹbẹ náà. Bí ó ti ń jìnnà sí i ni ó ń le sí i, títí katakata yóò fi dúró gbagidi. Ẹni tí ó bá fa ẹrù jìnnà jù lọ ni ó borí. Bí ẹnì kan bá fà á dé ẹsẹ̀ bàtà 300, ó ti fà á délé nìyẹn.

Oríṣìíríṣìí ọ̀wọ́ ni ó wà nínú ìdíje yìí. Àwọn kan wà tí katakata wọn kò lè dé oko mọ́ láé, tí wọ́n to ẹ́ńjìnnì méjì, mẹ́ta, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ sórí rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀wọ́ àwọn katakata àtijọ́ wà, àti ti katakata tí àgbẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ gùn bọ̀ láti oko rẹ̀. Ọ̀wọ́ àwọn wọ̀nyí gan-an ni ọ̀rọ̀ ààlà eré ẹ́ńjìnnì ti ṣe pàtàkì jù lọ. Ilé iṣẹ́ tí ó ṣe katakata kọ̀ọ̀kan ti sọ iye ìgbà tí ó yẹ kí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ yípo láàárín ìṣẹ́jú kan. Farmall M, tí ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ Amẹ́ríkà lò lẹ́yìn ọdún 1939, ìyípo 1450 ni tirẹ̀. John Deere A, tí ó ní sílíńdà méjì péré, ìyípo 975 ni wọ́n fún un. Láti ọdún 1920 ni Yunifásítì Nebraska sì ti ń dán katakata wò lábẹ́ òfin ìpínlẹ̀ náà, tí wọ́n ń kọ agbára wọn sílẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà fi irọ́ tajà fún àgbẹ̀. Nítorí náà, adájọ́ kò nílò láti méfò. Iye tí ó tọ́ wà nínú ìwé. Ẹgbẹ́ kan lè ní kí olùdíje má ṣe ré kọjá iye yìí rárá. Òmíràn lè fi ìwọ̀nba lé e. Bí ẹgbẹ́ kan bá gba ìdá 20 nínú 100 lé, Farmall M kò gbọdọ̀ ju ìyípo 1740 lọ.

Kí ni ìdí tí wọ́n fi ń fi ààlà sí i? Èkíní ni ọ̀rọ̀ ìdọ́gba. Agbára tí ẹ́ńjìnnì ń mú jáde dúró lórí ohun méjì: ipá tí ó fi ń yí ọ̀pá rẹ̀, àti bí ó ti ń yí i kíákíá tó. Ẹni tí ó bá rí ọ̀nà mú kí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ yí kíákíá ju ti àwọn yòókù lọ, tí ipá rẹ̀ kò sì dínkù jù, ti fi agbára kún agbára láìjẹ́ pé ó yí ohunkóhun tí ojú lè rí lára katakata náà padà. Ẹ̀rọ méjì lè jọ ara wọn bí ìbejì, kí ọ̀kan jẹ́ ajá, kí èkejì sì jẹ́ ẹṣin.

Ìdí kejì wúwo ju èkíní lọ, nítorí ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ni. Lẹ́yìn ẹ́ńjìnnì ni àgbá irin ńlá kan wà tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní filáwíìlì. Bí ó ti ń yí ni gbogbo ara rẹ̀ ń fẹ́ já síta kúrò láàárín. Ipá tí ó ń fà á síta yìí kì í pọ̀ ní ìwọ̀n kan náà pẹ̀lú ìyípo. Bí ìyípo bá di ìlọ́po méjì, ipá náà a di ìlọ́po mẹ́rin. Àní bí ìyípo bá fi ìdá 20 nínú 100 pọ̀ sí i, ipá yìí yóò fi ìdá 44 nínú 100 pọ̀ sí i. Irin àtijọ́ tí a dà, tí ó ti lo ọ̀pọ̀ ọdún nínú oko, tí ó sì ṣeé ṣe kí ó ti sán níbi tí ojú kò tó, lè fọ́ yángá lójijì. Bí ó bá fọ́, bí ìbọn ni àfọ́kù rẹ̀ yóò ṣe fò jáde. Awakọ̀ wà nítòsí rẹ̀. Àwọn òǹwòran, tọmọdé tàgbà, kò sì jìnnà. Nítorí èyí ni wọ́n fi ń béèrè ààbò irin yí filáwíìlì ká nínú àwọn ọ̀wọ́ tí ẹ́ńjìnnì ti ń sáré púpọ̀. Katakata àtijọ́ tí kò ní irú ààbò bẹ́ẹ̀, ààlà eré ni ààbò tirẹ̀.

Ìjánu kan wà lára katakata fúnra rẹ̀. Ní ọdún 1788 ni James Watt fi irú rẹ̀ sára ẹ̀rọ oníná ooru rẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn òkúta irin méjì a máa yí bí ẹ̀rọ ti ń yí. Bí eré bá pọ̀ jù, wọn a ṣí síta, wọn a sì dín ohun tí ń fún ẹ̀rọ lágbára kù. Bí eré bá rẹlẹ̀, wọn a padà wálé, ẹ̀rọ a sì tún gba agbára. Nínú katakata àtijọ́, sípíríńgì ni ó ń bá àwọn òkúta yìí jìjàkadì. Ibẹ̀ sì ni ọlọ́gbọ́n ẹ̀wẹ́ ti ń rí àyè. Ẹni tí ó bá fún sípíríńgì náà le sí i, tàbí tí ó pààrọ̀ rẹ̀, tàbí tí ó dọ́gbọ́n sí irin tí ó so ó mọ́ ẹnu ọ̀nà afẹ́fẹ́, ti tú ìjánu náà. Nítorí náà, kì í ṣe ohun tí ó tó kí adájọ́ rí i pé ìjánu wà níbẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ wọn ohun tí ìjánu náà ń ṣe.

Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà wọ̀n ọ́n pọ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ní àléébù tirẹ̀. Ọ̀nà kan ni láti lo ọ̀pá tí ó yọ síta lẹ́yìn katakata, èyí tí wọ́n fi ń yí àwọn irinṣẹ́ oko. Ìyípo 540 tàbí 1000 ni ìwọ̀n tí gbogbo ayé mọ̀ fún un. Bí ẹ́ńjìnnì kan bá ń yí ní 1800 nígbà tí ọ̀pá yìí ń yí ní 540, adájọ́ tí ó fi ohun ìwọn kan ọ̀pá náà, tí ó sì rí 600, mọ̀ pé ẹ́ńjìnnì ti dé 2000. Ìṣirò yìí dára, bí kò bá sí ẹni tí ó ti pààrọ̀ jíà tí ó wà láàárín.

Ọ̀nà kejì ni láti ka iye ìgbà tí púlọ́ọ̀gì tan iná. Nínú ẹ́ńjìnnì tí ń lo bẹntiróòlù, sílíńdà kọ̀ọ̀kan sábà máa ń tan iná lẹ́ẹ̀kan nínú ìyípo méjì. Ṣùgbọ́n bí a bá ṣe ẹ̀rọ kan kí ó máa tan án lẹ́ẹ̀kan nínú ìyípo kọ̀ọ̀kan, ohun ìwọn tí kò mọ èyí yóò ka ìlọ́po méjì, aláìṣẹ̀ yóò sì di ẹlẹ́ṣẹ̀. Katakata tí ń lo dísù kò tilẹ̀ ní púlọ́ọ̀gì irú èyí. Fún un, wọ́n lè lẹ bébà dídán mọ́ ara ohun tí ń yí níwájú ẹ́ńjìnnì, kí wọ́n sì tan iná sí i, kí ohun ìwọn máa ka iye ìgbà tí ó kọ mànà.

Etí pàápàá ń ṣe iṣẹ́ yìí. Ẹ́ńjìnnì onísílíńdà mẹ́rin a máa dún lẹ́ẹ̀mejì nínú ìyípo kan. Bí ó bá ń yí ní 1800, ó ń dún nígbà 60 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí ó bá di 2100, ó di ìgbà 70. Ìyàtọ̀ ohùn yìí kì í ṣe kékeré létí ẹni tí èdè rẹ̀ ń fi ohùn òkè, ohùn àárín àti ohùn ìsàlẹ̀ yà ọ̀rọ̀ sọ́tọ̀. Àgbà adájọ́ lè fura láti ibi tí ó dúró sí. Ṣùgbọ́n ìfura yàtọ̀ sí ẹ̀rí. Etí lè sọ fún adájọ́ pé kí ó lọ wọ̀n ọ́n. Kò tọ́ kí etí nìkan dá ẹjọ́.

Ó yẹ kí á kíyè sí i pé mímọ bí katakata ti ń sáré lórí ilẹ̀ kò sọ bí ẹ́ńjìnnì ti ń sáré. Táyà a máa yọ̀ nínú ilẹ̀ bí ẹrù bá wúwo: ẹ́ńjìnnì ń ké, katakata kò sì kúrò lójú kan. Ìdí nìyí tí àwọn ẹgbẹ́ tí ó fi ààlà sí ìrìn orí ilẹ̀ fi nílò ohun ìwọn mìíràn fún un, irú èyí tí àwọn ọlọ́pàá ń nà sí mọ́tò lójú pópó.

Ìgbà wo wá ni ó yẹ kí wọ́n wọ̀n ọ́n? Bí wọ́n bá wọ̀n ọ́n kí olùdíje tó so ẹrù mọ́ ọn, wọn yóò mọ òpin ibi tí ìjánu gbà á láyè dé, nítorí pé ẹ́ńjìnnì tí kò gbé ẹrù a máa yára díẹ̀ ju èyí tí ó gbé ẹrù lọ. Èyí rọrùn, kò sì wọ́n. Àléébù rẹ̀ ni pé ẹni tí ó pa okùn kan mọ́ sábẹ́ ìjókòó lè fà á nígbà tí adájọ́ bá ti kúrò níbẹ̀. Bí wọ́n bá sì ń wọ̀n ọ́n lákòókò ìdíje gan-an, pẹ̀lú ohun ìwọn tí ń fi iye ránṣẹ́ sí adájọ́ bí rédíò, tàbí tí ń kọ ọ́ sílẹ̀ fúnra rẹ̀, irú ẹ̀tàn bẹ́ẹ̀ yóò ṣòro. Ṣùgbọ́n ohun èlò yìí ń ná ni lówó, ẹgbẹ́ àgbẹ̀ kékeré kan ní abúlé sì lè má rówó rà á.

Kí á sọ pé àgbẹ̀ kan gùn katakata tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀ wá. Ó pa òfin mọ́, ó sì fi ẹsẹ̀ bàtà méjì pàdánù. Bí kò bá dá a lójú pé wọ́n wọn ẹni tí ó borí bí wọ́n ti wọn òun, kò ní padà wá lọ́dún tí ń bọ̀. Tàbí kí ó padà wá pẹ̀lú sípíríńgì tí ó le sí i. Ní ọdún kẹta, gbogbo wọn yóò ti tú ìjánu, òfin yóò wà nínú ìwé, filáwíìlì àtijọ́ yóò sì máa yí ní eré tí a kò dà á fún. Ohun tí ó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Ohun tí ó wà nínú ọ̀rọ̀ yìí ju ife ẹ̀yẹ lọ.

Nítorí náà, ohun mẹ́rin ni ó yẹ kí adájọ́ rere dì mú. Kí ohun ìwọn kan náà wà fún gbogbo olùdíje, kí wọ́n sì ti yẹ òun náà wò níṣojú wọn. Kí olùdíje lè wọn ẹ̀rọ rẹ̀ fúnra rẹ̀ ṣáájú, kí òfin má baà di pàkúté. Kí wọ́n mọ̀ pé ohun ìwọn lè ṣi: bí èyí tí wọ́n ń lò bá lè fi ìdá kan nínú 100 ṣìnà, ìyípo 1750 níbi tí ààlà jẹ́ 1740 kò tíì tó láti pe ènìyàn ní ọ̀dàlẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá ti ré kọjá ibi tí wọ́n gbà fún àṣìṣe, kí ìjìyà dé láìwojú ẹnikẹ́ni, ì báà jẹ́ ọmọ alága ẹgbẹ́. Ní ti ewu òjijì, okùn kan wà tí wọ́n ń so láti ọkọ̀ ẹrù mọ́ ohun tí ń pa ẹ́ńjìnnì. Bí ìdè bá já, tí katakata sì fẹ́ fò lọ, okùn náà yóò pa ẹ́ńjìnnì láìdúró de ẹnikẹ́ni.

Òfin tí kò ní òṣùwọ̀n, ìmọ̀ràn lásán ni. Òṣùwọ̀n tí kò sì ní adájọ́ olóòótọ́, ohun ọ̀ṣọ́ ni. Àwọn àgbẹ̀ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ eré yìí fẹ́ mọ ẹni tí katakata rẹ̀ lágbára jù. Wọn kò fẹ́ mọ ẹni tí ó lè purọ́ jù. Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Ẹni tí ó fa ẹrù dé ẹsẹ̀ bàtà 300 pẹ̀lú ìjánu tí ó ti tú, kò tíì fa nǹkan kan.