Ẹ̀dọ̀ Tuntun fún Ẹni Tí Ọtí Ba Tirẹ̀ Jẹ́

Ìbéèrè kan ló gbé mi wá: ẹni tó mutí títí ẹ̀dọ̀ rẹ̀ fi bàjẹ́, ṣé ó yẹ kí ẹlòmíràn fún un ní ẹ̀dọ̀? Mo ní ó yẹ.

Ẹ wo ìdí ọkọ̀ ní Òṣòdì láàárọ̀ kùtù. Oníparaga ti tò ìgò sílẹ̀, egbò àti èèpo igi wà nínú ògógóró, awakọ̀ á gba ife kékeré kan kó tó ṣíná ọkọ̀. Ó gbà pé jẹ̀díjẹ̀dí tàbí ọpá-ẹ̀yìn lòun ń wò. Ẹ̀dọ̀ ló ń jìyà rẹ̀. Ibi tí ọtí bá dá ọgbẹ́ sí á jinná, á di àpá. Bí àpá bá borí ara tó dára, ẹ̀dọ̀ á le, á rí kókó-kókó. Omi á kún ikùn, ẹsẹ̀ á wú, ibà pọ́njú á hàn lójú, ẹlòmíràn á máa bi ẹ̀jẹ̀. Inú irú ẹ̀dọ̀ yìí ni jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ ti sábà máa ń yọ. Nílẹ̀ wa, àrùn mẹ́dọ̀wú B ló tún wà nídìí púpọ̀ nínú rẹ̀; ẹni tó ní in tó sì ń mutí ti di ẹrù méjì lé ẹ̀dọ̀ kan.

Bí oníṣẹ́ abẹ bá gé jẹjẹrẹ nìkan kúrò, ẹ̀dọ̀ alápàá ló ṣẹ́ kù, òmíràn sì lè yọ níbẹ̀. Bí wọ́n bá pààrọ̀ gbogbo rẹ̀, àrùn méjèèjì bá a lọ. Oníṣẹ́ abẹ Thomas Starzl ló kọ́kọ́ dán pípààrọ̀ ẹ̀dọ̀ wò lára ènìyàn, ní Denver, Amẹ́ríkà, lọ́dún 1963. Lọ́dún 1996, Vincenzo Mazzaferro àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Milan, Ítálì, fi ààlà sí jẹjẹrẹ tí a lè torí rẹ̀ pààrọ̀ ẹ̀dọ̀: kókó jẹjẹrẹ kan tí kò ju sẹ̀ǹtímítà 5 lọ, tàbí kókó méjì sí mẹ́ta tí ọ̀kọ̀ọ̀kan kò ju 3 lọ, tí kò sì tíì wọ iṣan ẹ̀jẹ̀. Mẹ́ta nínú mẹ́rin àwọn aláìsàn wọn ló wà láàyè lẹ́yìn ọdún mẹ́rin.

Ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn máa ń ní kí ọ̀mutí jáwọ́ fún oṣù mẹ́fà ná. Ó láǹfààní, nítorí ẹ̀dọ̀ àwọn kan á sàn débi pé wọn kò ní nílò tuntun mọ́. Ṣùgbọ́n jẹjẹrẹ kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Kókó sẹ̀ǹtímítà 4 lè kọjá 5 kí oṣù mẹ́fà náà tó pé, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń jó o, tàbí tí wọ́n fi ń dí iṣan ẹ̀jẹ̀ tó ń bọ́ ọ, nígbà tí aláìsàn bá ṣì ń dúró. Àwọn tó fẹ́ kọ̀ fún ọ̀mutí á máa dárúkọ George Best, agbábọ́ọ̀lù tó gba ẹ̀dọ̀ ní London lọ́dún 2002, tó padà sídìí ọtí, tó kú lọ́dún 2005. Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí dókítà Philippe Mathurin àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Faransé àti Bẹ́ljíọ̀mù fún ènìyàn 26 tí ọtí mú ẹ̀dọ̀ wọn wú gan-an ní tuntun láìdúró de oṣù mẹ́fà, nínú ìwádìí tí wọ́n tẹ̀ jáde lọ́dún 2011, ẹni mẹ́ta péré ló padà sí ọtí. Kò tọ́ kí a fi ẹ̀ṣẹ̀ ẹnìkan dá gbogbo wọn lẹ́jọ́.

Láti Apakun ní Òṣòdì níbí ni ọ̀nà ti yà sí pápákọ̀ òfuurufú Murtala Muhammed, ibẹ̀ làwọn tó lówó ti ń gbéra lọ sí Íńdíà fún iṣẹ́ yìí. Ìbátan ló sábà máa ń bá wọn lọ láti fi apá kan ẹ̀dọ̀ tirẹ̀ sílẹ̀, tí èyí tó kù á sì tún dàgbà láàárín oṣù díẹ̀. Ìfẹ́ ni wọ́n fi ń ṣe é: òfin ìlera Nàìjíríà ti ọdún 2014 kò gba kí a ta ẹ̀yà ara.

Ẹni tí kò lówó ọkọ̀ òfuurufú ńkọ́? Tirẹ̀ ló jẹ mí lógún jù. Jẹjẹrẹ tí a bá tètè rí ṣì ní ohun tí wọ́n lè ṣe sí i. Ẹ lọ ṣe àyẹ̀wò mẹ́dọ̀wú B. Ẹni tí ẹ̀dọ̀ rẹ̀ bá ti lápàá, kó máa ya fọ́tò ikùn lóṣù mẹ́fà-mẹ́fà, kódà bí nǹkan kan kò bá dùn ún. Ẹ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára mẹ́dọ̀wú B fún ọmọ tuntun lọ́jọ́ tí wọ́n bí i. Bí ará ilé yín bá sì fẹ́ jáwọ́ nínú ọtí, ẹ má bú u. Ẹ mú un lọ bá dókítà.