“LÁÌPẸ́” KÌ Í ṢE ỌJỌ́

Ọ̀rọ̀ tòní kò kan ajílẹ̀ tàbí oògùn kòkòrò. Ohun tí a ní lọ́kàn láti ṣe, tí a kò tètè ṣe, ni mo fẹ́ bá yín sọ.

Ẹ jẹ́ kí a fi pákí ṣe àpẹẹrẹ. Bí pákí bá ti gbó, ó ṣì lè wà nínú ilẹ̀ fún oṣù mélòó kan. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá ti fà á tu, láàárín ọjọ́ kan sí mẹ́ta ni inú rẹ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í dúdú. Ẹ gé e wò, ẹ ó rí ìlà dúdú nínú rẹ̀. Nítorí náà, oníbàárà ni a kọ́kọ́ ń bá sọ̀rọ̀ kí a tó fọwọ́ kan pákí.

Ṣé a kì í bá wọn sọ̀rọ̀ ni? A ń sọ ọ́, àmọ́ báwo la ṣe ń sọ ọ́? Àgbẹ̀ á pàdé ìyá tó ń yan gàrí lọ́jà, á ní, “Ẹ má ṣèyọnu, màámi, màá kó pákí wá láìpẹ́.” Ìyá á ní, “Ó dáa, ọmọ mi.” Àgbẹ̀ gbà pé òun ti ṣe àdéhùn, ìyá gbà pé ó kàn kí òun ni. Ọjọ́ tí ó bá wá kó ẹrù dé, ìyá ti ra ti ẹlòmíràn, àwọn tó ń bó pákí ti lọ sílé, ẹni tó ni ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń rin pákí ti tilẹ̀kùn. Bẹ́ẹ̀, owó lébìrà àti owó ọkọ̀ láti oko dé Ìtòkín ti lọ nìyẹn.

Ẹ dá ọjọ́, ẹ sọ iye: “Màámi, Ọjọ́rú tó ń bọ̀, ní àárọ̀, ọkọ̀ kan.” Ẹ dúró gbọ́ èsì wọn. Bí ó bá ku ọjọ́ méjì, ẹ tún pè wọ́n lórí fóònù. Bí òjò bá ba ọ̀nà jẹ́, ẹ tètè pè kí wọ́n tó kó òṣìṣẹ́ jọ. Àwọn kan máa ń pa fóònù nítorí ojú ń tì wọ́n. Lójú tèmi, kí wọ́n bínú sí yín fún ìṣẹ́jú márùn-ún sàn ju kí ẹ pàdánù oníbàárà ọdún mẹ́wàá.

Ti katakata náà nìyẹn. Tí òjò oṣù Kẹta sí Kẹrin bá ti bẹ̀rẹ̀, gbogbo ayé ló ń wá a. Láti oṣù Kejì ni kí ẹ ti lọ bá oníkatakata, kí ẹ san díẹ̀ sílẹ̀, kí ẹ sì gba ìwé.

Igi pákí ńkọ́? Bí ẹ bá gbìn ín ní mítà kan sí mítà kan, éékà kan yóò gba nǹkan bí 4,000 ègé. Ẹ bá ẹni tó ní igi rere sọ̀rọ̀ kí ó tó kórè o, torí tó bá kórè tán, ó lè fi dáná! Tí ilẹ̀ yín kò bá tíì ṣe tán, ẹ gbé igi náà nàró sábẹ́ òjìji, kí oòrùn má baà gbẹ ẹ́.